Ìdọ̀tí Ara Ilé àti Ẹ̀rọ Alágbára Omi: Àlàyé fún Àwọn Onílé Ìbàdàn

Bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ni a máa ń rí tí ògiri rẹ̀ ti dúdú láti abẹ́ òrùlé wá sílẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ti pọ́n nítorí ẹrẹ̀ tí òjò ta sí i, tí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń yọ̀ débi pé àgbàlagbà kò lè fi ọkàn balẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé kí onílé lọ gba ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń lò, kí ó fi tu omi sí gbogbo ara ilé, kí ó sì sinmi. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ̀rọ náà wúlò púpọ̀ fún ìdọ̀tí kan, kò wúlò rárá fún òmíràn, ó sì lè ba ilé jẹ́ bí a bá lò ó sí ibi tí kò yẹ. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé gbogbo àbàwọ́n tó bá ti wà lára ògiri ni a ń pè ní ìdọ̀tí, nígbà tó jẹ́ pé ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ohun tó ń yọ ọ̀kan sì lè mú kí èkejì burú sí i. A ní láti mọ irú àbàwọ́n, kí a mọ irú ògiri, kí a tó wá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀rọ.

Dúdú ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, òun náà ni a sì máa ń ṣì mọ̀ jù. Dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ láti orí ògiri ọgbà àti láti ìdí fèrèsé, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ń bo ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kì í kàn, kì í ṣe eruku, kì í sì í ṣe èéfín jẹnẹrétọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti rò. Ohun ẹlẹ́mìí ni: àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ohun tó bá èyí tó ń mú búrẹ́dì bu tan. Omi àti òjìji ni wọ́n fẹ́, eruku tó bá sì lẹ̀ mọ́ ògiri tó wọn jẹ. Ìdí rèé tí ẹ̀gbẹ́ kan ilé fi lè dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán ń pa sì ń dán síbẹ̀.

Nítorí pé wọ́n wà láàyè, gígé orí wọn kò tó. Ògiri tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kún fún ihò wẹ́wẹ́, inú àwọn ihò náà ni wọ́n sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Omi alágbára á gé èyí tó wà lókè, ògiri á mọ́ lójú ẹsẹ̀, inú onílé á dùn, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú ihò á tún hù bí òjò bá ti tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ pa wọ́n, kí a tó fọ̀ wọ́n kúrò, ohun tó sì ń pa wọ́n kò jìnnà sí wa rárá. Bíléèṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, irú bíi Jik tàbí Hypo, ni. Ìwọ̀n bíléèṣì kan sí omi mẹ́wàá tó fún ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Fún èyí tó ti dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún, a lè lo ìwọ̀n kan sí omi mẹ́rin. Kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kọ́lọ́fín kan, nítorí pé ó lè mú kí ọ̀dà ṣá. Kí ẹ fi omi lásán rin àwọn òdòdó àti ewébẹ̀ tó wà nítòsí, kí wọ́n má baà jóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì, tàbí páǹpù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n oògùn, fi omi bíléèṣì náà sí ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí pé èyí tó bá ṣàn wálẹ̀ lórí ògiri gbígbẹ máa ń fi ipa sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìjẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án láti òkè wá sílẹ̀. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí oòrùn ọ̀sán máa ń gbẹ omi náà kó tó ṣiṣẹ́. Oòrùn kan náà ló ń pa agbára bíléèṣì, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ níta ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣe iṣẹ́ tí a kọ sára ìgò rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá ti ṣe èyí, tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle gbo ibi tó le, kò tún sí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ wá ṣe lára ògiri mọ́. Èmi gbà pé ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò: a ń san owó agbára fún ohun tí sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ṣe.

Àmọ́ bíléèṣì kì í ṣe omi ìṣeré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì, tàbí mọ́ oògùn tí a fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ásíìdì ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ kiloríìnì ni wọ́n ń tú jáde, afẹ́fẹ́ tó ń dí èèyàn ní ọ̀fun tó sì lè pa á. Kò gbọdọ̀ pàdé ohun tó bá ní amóníà nínú pẹ̀lú, ìyẹn kẹ́míkà olóòórùn líle tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ìnu gíláàsì kan. Ó máa ń jẹ irin àti páànù, nítorí náà kí a tètè fi omi ṣan ibi tó bá ta sí. Fún Ìbàdàn ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ kànga wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kànga wà nínú ọgbà wọn, tí ilẹ̀ ọgbà náà sì dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Kí ẹ dé kànga, kí ẹ sì fi amọ̀ tàbí àpò yanrìn dínà omi ìfọ̀ náà kó má baà gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kí ẹ tó ṣí ìgò bíléèṣì kankan.

Àbàwọ́n pupa jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Irin tó wà nínú ilẹ̀ wa ló sọ ọ́ di pupa. Nígbà tí omi bá ń já láti orí páànù sórí ilẹ̀ tí a kò da nǹkan kan sí, ó ń ta ẹrẹ̀ sí ìdí ògiri, ẹrẹ̀ náà á sì wọ inú ọ̀dà. Bíléèṣì kò lè ṣe ohunkóhun sí èyí, nítorí pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀ tó fẹ́ pa. Kódà, bó bá jẹ́ pé omi irin tó dógùn-ún ló ṣàn sí ògiri, bí irú èyí tó ń ti ara irin ojú fèrèsé wá, bíléèṣì máa ń mú kó tún le sí i ni. Ẹrẹ̀ ní láti gbẹ dáadáa, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, lẹ́yìn náà ni omi àti ọṣẹ tó kàn. Ẹni tó bá da omi sí i nígbà tó ṣì nípọn lára ògiri ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọ̀dà pupa. Ti irin tó dógùn-ún, omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè yọ ọ́ bí kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n asán ni bí a kò bá kọ́kọ́ ha irin náà kí a sì kùn ún ní ọ̀dà. Ìdí ilé tó máa ń pọ́n lọ́dọọdún kò nílò fífọ̀ tó bí ó ti nílò ìtọ́jú ilẹ̀: kí a da kankéré tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan yí ilé ká, tàbí kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, tàbí kí a fi gọ́tà gba omi òrùlé, ẹrẹ̀ kò sì ní rí ibi tí yóò ti máa ta.

Funfun ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Ẹ máa ń rí i ní ìdí ògiri, tàbí lára ògiri tí ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀: ohun kan tó funfun bí ìyẹ̀fun ń yọ jáde, ọ̀dà ń wú, ó sì ń bó. Iyọ̀ ni. Nínú sìmẹ́ńtì, nínú yanrìn àti nínú ilẹ̀ ni irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Bí omi bá ń gba inú ògiri kọjá, ó ń yọ́ wọn, ó ń gbé wọn wá sójú ògiri, omi á fẹ́ lọ, iyọ̀ á kù síbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí onílé béèrè ni pé níbo ni omi náà ti ń wá? Ó lè jẹ́ láti inú ilẹ̀, bí àwọn tó kọ́ ilé náà kò bá fi rọ́bà dí omi láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Ó lè jẹ́ páìpù tó ń jò nínú ògiri, tàbí ihò sókáwéè tó sún mọ́ ilé jù. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ omi sí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń bu omi kún omi ni, bí ó bá sì gbẹ tán, iyọ̀ mìíràn á tún jáde. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni a fi ń gbá a, púlọ́ńbà tàbí bíríkìlà ni a sì ń pè, kì í ṣe afọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń fẹ́ fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ásíìdì á yọ ọ́ lóòótọ́, nítorí pé ó ń jẹ sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kan náà ló so ìrẹ́ ògiri yín pọ̀.

Ohun funfun kan tún wà tí kì í ṣe iyọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Bí ọ̀dà bá dà bí ẹfun lọ́wọ́ yín, ọ̀dà náà ló ti gbó, tí oòrùn ti jẹ ohun tó dì í mú. Fífọ̀ kò lè jí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń tà á máa ń sọ nọ́ńbà tí kò yé oníbàárà. PSI ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń jáde, òun kan náà sì ni fọkanáísà ń kà lójú ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá ń fún táyà mọ́tò, tó sì sábà máa ń dúró níbi 30 sí 35. Táńkì tó wà lórí òpó tó ga tó mítà mẹ́fà ń fún omi ẹ̀rọ ní agbára tí kò ju 8 tàbí 9 PSI lọ. Ẹ̀rọ ìfọ̀ kékeré tó ń lo iná mànàmáná sábà máa ń wà láàárín 1,200 sí 2,000 PSI, àwọn tó ń lo bẹntiróòlù sì lè wà láàárín 2,500 sí 4,000. Agbára tó wà níbẹ̀ ju èyí tí ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì lè ní lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í béèrè, ìyẹn iye lítà omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Agbára ló ń tú ìdọ̀tí kúrò lára ògiri, ọ̀pọ̀ omi ló sì ń gbé e lọ. Ẹ̀rọ tó bá ní agbára ńlá tí omi rẹ̀ kò pọ̀ á kàn máa fín ìlà sára ògiri ni, ìdọ̀tí á sì tún padà lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ, lójú tèmi, ni ẹnu tí omi ń gbà jáde. Ẹnu kéékèèké aláwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá ẹ̀rọ náà wá. Pupa ń tu omi jáde ní ojú kan ṣoṣo bí abẹ́rẹ́. Kò yẹ kó dé ara ilé ẹnikẹ́ni. Yẹ́lò ń ṣí omi díẹ̀ ní ìwọ̀n dígíríì 15, àwọ̀ ewé ní 25, funfun ní 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ, òun kò ní agbára púpọ̀. Funfun tàbí àwọ̀ ewé ni ògiri tí a kùn lọ́dà lè gbà, pẹ̀lú agbára tí kò ju 1,500 PSI lọ, kí ẹnu ẹ̀rọ sì jìnnà sí ògiri tó ìdajì mítà ó kéré tán. Bí omi bá ṣe ń jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ ni agbára rẹ̀ ń rọ̀ ní kíákíá, nítorí náà ẹsẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá gbé síwájú tàbí sẹ́yìn ń yí nǹkan padà ju bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ lọ. Kí omi máa fẹ̀gbẹ́ lu ògiri láti òkè wá sílẹ̀. Bó bá ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, abẹ́ páànù, inú síílì àti ẹ̀yìn férémù fèrèsé ni yóò wọ̀.

Irú ògiri wá ló kàn, ibi yìí ni mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbé ní àárín ìlú fetí sí jù. Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà-Ọba, ní Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú àti káàkiri àwọn agboolé tó yí Màpó ká, ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì bò lójú. Láti òde, ẹ lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Ẹ wo bí ògiri ṣe nípọn tó lójú fèrèsé. Ti amọ̀ máa ń nípọn ju ti búlọ́ọ̀kù lọ dáadáa. Ẹ fi ìka kan ògiri náà. Ibi tí sìmẹ́ńtì bá ti ṣí kúrò lára amọ̀ máa ń dún bí ohun tó ṣófo nínú. Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ kì í di ara wọn mú dáadáa, nítorí náà ihò àti sísán pọ̀ lójú rẹ̀. Bí omi alágbára bá gba ojú sísán wọlé, amọ̀ tó wà lẹ́yìn á rọ̀, á padà di ẹrẹ̀, ìrẹ́ á sì wó lulẹ̀ ní odidi, nígbà mìíràn kì í ṣe lọ́jọ́ náà bí kò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò sẹ́ni tó máa rántí fífọ̀ náà mọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ẹ̀rọ rárá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi inú garawa àti kànìnkànìn ló tọ́ sí i. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù tuntun ní Akóbọ̀ tàbí ní ìhà Mọníyà lè gbà á, bí ìrẹ́ rẹ̀ kò bá sán tí ọ̀dà rẹ̀ kò sì bó.

Òrùlé le ju ògiri lọ. Ìlú tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ páànù tó ti dógùn-ún ni tiwa, ẹlòmíràn sì máa ń rò pé ẹ̀rọ lè dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó ṣì ń dán. Kò lè ṣe é. Síńkì tí wọ́n fi bo irin náà ló ń dáàbò bò ó; bí síńkì bá ti tán, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, omi alágbára á sì kàn ṣí ibi tó ti fẹ́lẹ́ di ihò. Òrùlé tí wọ́n fi òkúta lẹ́búlẹ́bú sí lójú náà kò fẹ́ ẹ, nítorí pé omi náà á máa ká òkúta rẹ̀ kúrò. Aluminíọ̀mù gígùn lè gba omi tí agbára rẹ̀ kéré, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó wọ́pọ̀ gan-an lórílẹ̀-èdè yìí láti fi bo ilé àti láti fi ṣe síílì, ẹ ó sì tún rí i lórí àwọn ilé àtijọ́. Àwọ̀ eérú ló ní, ó nípọn ju páànù lọ, ó rí bí ìgbì, kì í tẹ̀ bí irin, ńṣe ló máa ń kán. Nínú rẹ̀ ni okùn tíntìntín wà tí ojú kò lè rí, tí èèyàn bá sì fà á símú, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ ara awọ tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká, àìsàn tó lè tó 20 tàbí 30 ọdún kí ó tó fara hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ kedere pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, tí kò sì fọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ omi máa ń tètè tú okùn náà sílẹ̀: omi á ha ojú rẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ á ta sára ògiri, sórí aṣọ tí a sá, sínú ọgbà aládùúgbò, nígbà tó bá sì gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbé e kiri. Ní Ọsirélíà, òfin kò gbà kí a fi omi alágbára fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun irú òrùlé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Yàtọ̀ sí àìsàn, òrùlé náà lè kán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe bẹbẹ ni ilẹ̀. Kankéré, ìńtálọ́ọ̀kì, ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé, àtẹ̀gùn iwájú ilé: gbogbo wọn lè gba 2,000 sí 3,000 PSI, àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ sì ń kúrò níbẹ̀ kíákíá ju bí ọwọ́ ti lè ṣe é lọ. Kí a kàn rántí pé yanrìn tó wà láàárín ìńtálọ́ọ̀kì ló dì í mú. Bí òṣìṣẹ́ bá dojú omi kọ àárín wọn tààrà, yanrìn á jáde, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, koríko á sì rí ibi hù. Kí omi fẹ̀gbẹ́ kọjá lórí wọn, kí a sì gbá yanrìn gbígbẹ padà sínú àlàfo lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ọ́ìlì tí jẹnẹrétọ̀ bá ta sílẹ̀ kì í gbọ́ ti omi tútù. Ẹ da yanrìn tàbí ìyẹ̀fun pákó sí i kó fà á mu, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná gbo ó.

Omi àti iná ni ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan yóò lo lítà 360 sí 480 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlá sí mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ wákàtí méjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ táńkì onílítà 1,000 tán. Omi kànga tó ní yanrìn nínú á dí ẹnu ẹ̀rọ, á sì jẹ páǹpù rẹ̀, nítorí náà kí a sẹ́ ẹ, tàbí kí a jẹ́ kó silẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ̀rọ tó fà á. Ti iná, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ 1,400 sí 2,000 wáàtì, tó sì tún máa ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá tàn án. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní «I better pass my neighbour» kò lè gbé e. Ẹni tó bá fi tipátipá gbé e lé e, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò jóná.

Ní ti ewu ara, kò sí ohun tí àwọn ènìyàn fojú kéré tó omi yìí. Ó lè gún awọ ara wọlé, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé omi àti ìdọ̀tí ti wọ inú ẹran lọ jìnnà. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ fi ìpara lásán pa á kó lọ sùn. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ, bíi UCH, lọ́jọ́ náà, kí ó sì sọ fún wọn pé omi ẹ̀rọ alágbára ló gún òun. Bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ìbojú kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀rọ máa ń ti èèyàn sẹ́yìn nígbà tí a bá tẹ ìbọn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a lò ó lórí àkàbà; ọ̀pá gígùn ni a fi ń dé òkè. Kí a jìnnà sí mítà iná, sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta, àti sí wáyà iná tó ti orí òpó wọ ilé. Ẹ̀rọ bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó ń kìlọ̀.

Àwọn kan máa ń dúró di oṣù kejì kí wọ́n tó fọ ilé, kí ọyẹ́ lè kó eruku rẹ̀ lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ kànga ń fà gbẹ. Mo fara mọ́ ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá: omi ṣì wà nínú kànga, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, oòrùn sì wà tó máa gbẹ ògiri. Eruku ọyẹ́ tó bá bà lé e lẹ́yìn náà, ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn tó fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ẹ bi í pé PSI mélòó ló fẹ́ lò sí ògiri, mélòó sí ilẹ̀, ẹnu aláwọ̀ wo ló fẹ́ fi sí i, àti báwo ló ṣe fẹ́ pa dúdú kí ó tó fọ̀ ọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò dá yín lóhùn láìjáfara. Ẹni tó bá ní òun kì í ka nọ́ńbà, pé agbára lòun ń lò, ẹ jẹ́ kó máa fọ ọkọ̀ lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé nítorí àtikun ọ̀dà tuntun ni ẹ ṣe fọ ilé, ẹ má tẹ̀lé akunlé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ojú ògiri máa ń gbẹ ṣáájú inú rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá funfun tó ń fi inú hàn, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóòró, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìrì omi bá ti sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá náà, omi ṣì wà nínú ògiri, ọ̀dà tí ẹ bá sì kùn lé e yóò wú, yóò sì bó. Ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, kí ẹ tún lẹ ẹ́ mọ́ ibi tí oòrùn kì í kàn.